Ará Ṣáínà, Ilé Oúnjẹ àti Ilẹ̀ Ọ̀tà

Ìbéèrè tí ó bí ìjíròrò yìí kúrú púpọ̀: ta ni ará Ṣáínà tí ilé oúnjẹ rẹ̀ lókìkí ní apá ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, ọ̀nà wo ni ó sì gbà dé ibi tí ó dé? Ìdáhùn rẹ̀ kò kúrú bákan náà. Ẹni tí ó bá gbéra láti lọ wá irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀tà tàbí ní Sàngó, níbi tí àwọn ará Ṣáínà ti ń ṣiṣẹ́, ohun tí yóò kọ́kọ́ rí ni ògiri gíga, géètì onírin àti ọkọ̀ akẹ́rù tí ó tò lọ rẹrẹ. Bí ó bá fẹ́ rí ilé oúnjẹ tí tonílé tàlejò mọ̀, àfi kí ó kọjá Ìkẹjà, kí ó gba orí afárá wọ Ìkòyí, níbi tí Golden Gate wà. Ìtàn yìí ní orí méjì, nígbà náà: ọ̀kan wà ní Ìkòyí, èkejì wà ní Ọ̀tà. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ó so wọ́n pọ̀.

Ọ̀tà kì í ṣe ìlú tí àlejò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀. Ìlú Àwórì ni, Ọlọ́tà ni ọba rẹ̀, a sì mọ̀ ọ́n káàkiri ilẹ̀ Yorùbá fún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti fún iṣẹ́ ọnà igi. Ojú ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta ni ó wà, ipò yìí sì ti mú ire àti ibi bá a. Ní 1842 ni àwọn Ẹ̀gbá ṣẹ́gun rẹ̀, kí ọ̀nà òkun lè là fún wọn. Ní àárín àwọn ọdún 1850 ni James White, òjíṣẹ́ ìjọ CMS, tẹ̀dó síbẹ̀. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976, ipò kan náà ni ó sọ Ọ̀tà di ibi tí àwọn onílé-iṣẹ́ ń wá. Ilẹ̀ Ìkẹjà ti há, ó sì ti wọ́n. Ọ̀tà kò jìnnà sí èbúté, bẹ́ẹ̀ ni kò sí lábẹ́ ìjọba Èkó. Ilẹ̀ tí wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́ sí tẹ́lẹ̀ di ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe páànù, ike, irin àti ọṣẹ.

Ṣùgbọ́n kí a tó rí ará Ṣáínà ní Ọ̀tà, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wá a lọ sí Shanghai. Ìlú yìí ni olú ìlú aṣọ híhun ní Ṣáínà ṣáájú ogun àgbáyé kejì. Nígbà tí ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì gba ìjọba ní 1949, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ni ilé iṣẹ́ aṣọ ibẹ̀ kó owó, ẹ̀rọ àti ọmọ wọn, wọ́n sá lọ sí Hong Kong tí ó wà lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀kan nínú wọn ni Cha Chi-ming, tí a bí ní 1914, tí ó dá ilé iṣẹ́ aṣọ pípa láró sílẹ̀ ní Hong Kong ní 1949 yẹn gan-an. Kò pẹ́ tí ayé tún fi há mọ́ wọn níbẹ̀. Àwọn onílé-iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì figbe ta pé aṣọ Hong Kong ti fẹ́ẹ́ pa àwọn, ìjọba sì fi òdiwọ̀n sí iye tí ó lè wọlé. Ẹni tí a dí ọ̀nà mọ́ ní ìhín a máa wá ọ̀nà gba ọ̀hún. Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ni, ó ní òwú, ó ní ènìyàn, ó sì ń wá ilé iṣẹ́ lójú méjèèjì. Bí Cha ṣe wá dá ilé iṣẹ́ aṣọ UNTL sílẹ̀ ní Kàdúná ní 1964 nìyẹn. Títí di òní, ìyá arúgbó tí ó bá tú àpótí rẹ̀ lè rí àǹkárá tí ilé iṣẹ́ yẹn ṣe níbẹ̀. Ní 2007 ni Cha kú. Ọdún yẹn náà ni ilé iṣẹ́ Kàdúná ti ìlẹ̀kùn, ó sì di òpin 2010 kí ó tó tún ṣí, tí kò sì tó bí ó ti tó tẹ́lẹ̀ mọ́.

Bí ti aṣọ ti rí, bẹ́ẹ̀ ni ti abọ́ tánganran rí. Àwọn ará Hong Kong ni wọ́n wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ tánganran wọ Nàìjíríà, ní àkókò òmìnira. Abọ́ olódòdó tí ìyàwó ń kó dé ilé ọkọ, tí wọ́n ń tò léra títí tí yóò fi kan àjà, ọwọ́ ará Ṣáínà wà nínú rẹ̀. Àwọn ìyá wa kò mọ̀, kò sì sí ìdí tí wọ́n fi ní láti mọ̀. Ó tọ́ kí a sọ ọ́ níhìn-ín ṣá, nítorí pé ṣáájú kí oúnjẹ Ṣáínà tó dé ọ̀dọ̀ wa ni abọ́ tí a fi ń bu oúnjẹ tiwa ti dé.

Inú agbo àwọn ará Shanghai àti Hong Kong yìí ni ọkùnrin tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti jáde. Hu Jieguo ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Jacob Wood ni Nàìjíríà mọ̀ ọ́n sí. Shanghai ni wọ́n ti bí i ní 1948, ọdún kan péré kí ìjọba tó yí padà. Bàbá rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ wá sí Nàìjíríà, ọmọ sì kù sílé. Olùkọ́ ilé ìwé ni ọmọ náà. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ yóò mọ̀ bí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo tó bí a bá rántí pé láàárín 1966 sí 1976, ìgbà ìrúkèrúdò tí Mao pè ní ìyípadà àṣà, akẹ́kọ̀ọ́ ń na olùkọ́ ní gbangba ní Ṣáínà, ẹni tí ó sì ní ẹbí lókè òkun ni wọ́n kọ́kọ́ ń fura sí. Mao kú ní 1976. Ní 1978 ni ìlẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ọdún yẹn gan-an ni Hu jáde, tí ó tọ bàbá rẹ̀ wá sí Èkó. Ọgbọ̀n ọdún ni ó jẹ́ nígbà náà.

Ọ̀rọ̀ orúkọ rẹ̀ yìí gba àlàyé díẹ̀. Ó jọ pé ìró ni ó tẹ̀ lé nígbà tí ó ń yan orúkọ òyìnbó: Jieguo kò jìnnà sí Jacob létí, Hu sì ń dún bí Wu lẹ́nu àwọn ará Shanghai, èyí tí ó sún mọ́ Wood. Kì í ṣe pé ó ju orúkọ baba rẹ̀ nù. Ó wọ̀ ọ́ ní aṣọ mìíràn ni. Àwọn Sàró àti Àgùdà tí ó padà sí Èkó nínú ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún mọ irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Kí òǹwòran má ṣe rò pé bí ó ti sọ̀ kalẹ̀ ni ó ṣí ilé oúnjẹ. Òfin kò fi bẹ́ẹ̀ fàyè gba àjèjì nígbà náà. Ní 1972 ni ìjọba ológun Gowon ṣe òfin tí ó fi òwò méjìlélógún sọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà nìkan, tí búrẹ́dì dídín àti aṣọ fífọ̀ wà lára wọn. Àwọn òwò mìíràn, ó di dandan kí ọmọ ìbílẹ̀ ní ìpín nínú wọn. Ní 1977 ni wọ́n tún òfin náà ṣe, tí wọ́n mú un le sí i. Ìjọba ta ni? Ìjọba Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ni. Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn ni Hu Jieguo wọlé. Iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ni ó yàn. Ó lọ kọ́ ìmọ̀ bí a ti ń ṣàkóso rẹ̀ ní Kánádà, ó sì padà wá ṣe alákòóso òtẹ́ẹ̀lì ní Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1995 ni wọ́n fagi lé òfin náà. Òpin àwọn ọdún 1990 yẹn ni Golden Gate dé. Ẹni tí ó bá ń wá ìdí tí ó fi pẹ́ kí ó tó dá dúró, inú ìwé òfin ni kí ó kọ́kọ́ wò, kí ó tó wo ọgbọ́n orí.

Òfin ti máa ń pinnu irú ẹni tí ará Ṣáínà yóò jẹ́ ní ilẹ̀ àjèjì. Ní Amẹ́ríkà, òfin 1882 dí ọ̀nà mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ Ṣáínà, ó sì yọ̀ǹda fún àwọn oníṣòwò. Nígbà tí ilé ẹjọ́ kan wá pinnu ní 1915 pé ẹni tí ó ní ilé oúnjẹ jẹ́ oníṣòwò, ilé oúnjẹ Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ sí í hù bí olú. Ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ìbátan dá owó jọ, wọ́n ń pín ipò ọ̀gá láàárín ara wọn lọ́dọọdún, kí ẹnìkọ̀ọ̀kan lè rí ìwé gbà láti lọ mú ìyàwó wá. Bí ilé oúnjẹ ṣe di iṣẹ́ ẹbí nìyẹn. Àwọn kan gbà pé ìfẹ́ oúnjẹ ni ó fa á. Ìwé ìrìnnà ló fa èyí tí ó pọ̀ jù.

Ní Kúbà, ọ̀rọ̀ náà tún kan Yorùbá fúnra rẹ̀. Láàárín 1847 sí 1874, ó ju ọ̀kẹ́ mẹ́fà ará Ṣáínà lọ tí wọ́n kó lọ sí oko ìrèké níbẹ̀, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹrú tí ó ti ilẹ̀ wa lọ. Ní 1858 ni ọ̀kan nínú wọn, Chung Leng, tí àwọn Sípéènì sọ ní Luis Pérez, ṣí ilé oúnjẹ kékeré kan ní orígun òpópó Zanja àti Rayo ní Havana. Àdúgbò Ṣáínà tó wà níbẹ̀ hù yí i ká. Àwọn ará Ṣáínà ibẹ̀ ní akọni kan tí wọ́n ń bọ, jagunjagun olójú pupa tí a ń pè ní Guan Gong. Nígbà tí wọ́n rí Ṣàngó lọ́dọ̀ àwọn Lùkùmí, tí aṣọ rẹ̀ pupa, tí ó jẹ́ ọba àti jagunjagun, wọ́n ní ẹnì kan náà ni. Wifredo Lam, ayàwòrán tí òkìkí rẹ̀ kàn ká ayé, tí wọ́n bí ní 1902, ará Ṣáínà ni bàbá rẹ̀, ìyá ìsàmì rẹ̀ sì jẹ́ olórìṣà tí ń bọ Ṣàngó. Ṣàngó àti ará Ṣáínà ti mọ ara wọn, nígbà náà, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ tó dún ní Sàngó-Ọ̀tà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Ìkòyí. Golden Gate tóbi ju ohun tí ènìyàn ń retí lọ. Kì í ṣe yàrá kan tí ó ní tábìlì mẹ́rin. Àwọn tí ó ń jẹun níbẹ̀ ni àwọn olówó Èkó, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ epo, àti àwọn ará Ṣáínà tí ó ń ti Ọ̀tà, Ìkẹjà àti Ìkòròdú wá ní ọjọ́ àjọ̀dún wọn. Ohun tí wọ́n ń jẹ kò ṣàjèjì tó bí a ti rò. Agbada onírin tí alásè ilẹ̀ Ṣáínà fi ń dín nǹkan, ìbátan agbada tí a fi ń dín àkàrà ni. Ìdí tí ó fi ń gé ohun gbogbo wẹ́wẹ́ ni pé igi ìdáná wọ́n ní ilẹ̀ tí èrò ti pọ̀: iná a le, oúnjẹ a jinná kíá, igi a ṣẹ́ kù. Òróró dúdú tí ó ń bù sí i, ẹ̀wà sóyà tí wọ́n mú kan fún oṣù púpọ̀ ni. Ẹ̀wà sóyà dúdú tí wọ́n ń pè ní douchi ní tirẹ̀, ẹni tí ó bá gbóòórùn rẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ yóò rò pé irú ni. Igbá ni a fi ń ṣe irú, sóyà ni wọ́n fi ń ṣe douchi, ọgbọ́n kan náà ni: a sè é, a bò ó, a jẹ́ kí ó wú, a fi iyọ̀ dá a dúró. Kódà béske tí àwọn ọmọdé ń rà lójú ọ̀nà ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti Ọ̀yọ́, wàrà sóyà ilẹ̀ Ṣáínà ni, ó kàn jẹ́ pé ata àti òróró ni a fi gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Iṣẹ́ tí IITA ṣe ní Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1980 láti tan ẹ̀wà sóyà kálẹ̀ kò jẹ́ kí ohun èlò rẹ̀ wọ́n wa.

Ní 2001, wọ́n fi Jacob Wood jẹ oyè. Olóyè ni wọ́n ń pè é láti ìgbà náà, àwọn ìwé ìròyìn Ṣáínà sì ń gbé àwòrán rẹ̀ jáde pẹ̀lú fìlà àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Ọbásanjọ́, tí ó ti fi ipò sílẹ̀ ní 1979 lọ dá oko sí Ọ̀tà, ti padà sórí oyè ní 1999, Wood sì wà lára àwọn tí ó ń gbà á nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ Ṣáínà. Ayé a máa yí: ìjọba ẹni tí ó mú òfin àjèjì le ní 1977 ni ó wá fi àjèjì ṣe olùdámọ̀ràn. Ní ọdún 2001 kan náà ni Nàìjíríà àti Ṣáínà tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn láti dáàbò bo okòwò ara wọn. Ẹni tí ó bá rí oyè àti àdéhùn tí wọ́n jọ bọ́ sí ọdún kan lè rò pé ọ̀rọ̀ àlejò ti yanjú.

Kò yanjú. Ilé oúnjẹ a máa ṣí ìlẹ̀kùn fún gbogbo ènìyàn. Ilé iṣẹ́ a máa tì í. Ní oṣù September 2002, iná jó ilé iṣẹ́ ike kan tí àwọn ará Ṣáínà ní ní Ìkòròdú lóru. Wọ́n ti ti àwọn òṣìṣẹ́ mọ́ inú rẹ̀, ó sì ju ọgbọ̀n ènìyàn lọ tí ó jóná. Àwọn ẹbí wọn kò ní ibi tí wọ́n ti lè dá òkú mọ̀. Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí dun àwọn ènìyàn ju iná lọ ni kọ́kọ́rọ́ náà. Àwọn kan sọ pé ará Ṣáínà ni ìkà. Èyí kò tọ́, nítorí pé onílé-iṣẹ́ tí kò sí ẹni tí ó ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, ìbáà jẹ́ Lárúbáwá, ará Íńdíà tàbí ọmọ Ìjẹ̀bú, lè ti ìlẹ̀kùn bákan náà. Òfin ilé iṣẹ́ wà. Ẹni tí yóò lọ wò bí wọ́n ti ń pa á mọ́ ni kò tó.

Ní Ọ̀tà fúnra rẹ̀, ògiri ni ó ya oúnjẹ sọ́tọ̀. Nínú ọgbà, alásè tí wọ́n mú ti Ṣáínà wá ni ó ń se oúnjẹ fún àwọn ọ̀gá, ẹ̀fọ́ wọn a sì máa wà lórí ebè lẹ́yìn ilé. Lóde, lẹ́bàá géètì, àwọn ìyá olóúnjẹ ti gbé kúlà àti ìkòkò kalẹ̀ kí ago méjìlá tó lù: ìrẹsì, ẹ̀wà, láfún, ẹ̀bà. Òṣìṣẹ́ a jáde, a jẹun lórí ìdúró, a wọlé. Agbo méjèèjì kì í sábà pàdé nídìí abọ́ kan.

Ilẹ̀ ni ó wá le jù. Ìgbẹsà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, ni Ìpínlẹ̀ Ògùn àti àwọn ará Guangdong ti dá agbègbè òwò ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní òpin ẹ̀wádún àkọ́kọ́ ọ̀rúndún yìí. Ilé iṣẹ́ kan láti ìlú Zhongshan gba àkóso rẹ̀. Ní 2016 ìjọba ìpínlẹ̀ gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n lé wọn, ọlọ́pàá sì mú ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá wọn. Wọ́n di ìwé àdéhùn 2001 mú, wọ́n pe Nàìjíríà lẹ́jọ́ níwájú ìgbìmọ̀ onílàjà ní London. Ní 2021 ìgbìmọ̀ náà dá wọn láre, ó ní kí Nàìjíríà san owó tí ó ju mílíọ̀nù 55 dọ́là lọ, èlé rẹ̀ lọ́tọ̀. Nígbà tí owó kò dé, ilé ẹjọ́ ní Paris pàṣẹ ní 2024 kí wọ́n dá ọkọ̀ òfurufú mẹ́ta tí ó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ dúró. Bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ìgbẹsà ṣe mú ọkọ̀ òfurufú ààrẹ nìyẹn. Àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń dá oko sí ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n sí London.

Bí a bá yọwọ́ gbogbo ìyẹn, oúnjẹ Ṣáínà kan wà tí ó wọ Ọ̀tà wọ inú egungun rẹ̀, kò sì gba ọ̀dọ̀ olóyè kankan kọjá. Ní 1958 ni Momofuku Ando, ẹni tí a bí ní Taiwan ní 1910, ṣe àwárí ní ilẹ̀ Japan bí a ti lè din nǹkan tí wọ́n fi ìyẹ̀fun fà tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn yẹn nínú òróró, kí omi inú rẹ̀ lè gbẹ, kí ó sì ní ihò wẹ́wẹ́ tí omi gbígbóná yóò tún gbà wọlé. Ìmọ̀ náà dé Indonesia. Láti ibẹ̀, ẹbí Tolaram, tí orírun wọn jẹ́ Íńdíà, gbé e wá sí Nàìjíríà ní 1988. Ní àárín àwọn ọdún 1990, wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀ sí Ọ̀tà. Indomie ni orúkọ rẹ̀. Indo ni ti Indonesia; mie ni orúkọ tí àwọn ará Fujian ní gúúsù Ṣáínà ń pe oúnjẹ náà láti ayébáyé. Ọmọ ilé ìwé tí ó bá dé ilé lọ́sàn-án, tí ó ní òun fẹ́ jẹ índómì, ọ̀rọ̀ Ṣáínà ni ó fi parí gbólóhùn rẹ̀.

Lábẹ́ afárá Sàngó, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, àwọn Hausa tí ń ta tíì a tan iná, wọn a gbé ìkòkò kaná, wọn a sì to páálí índómì sórí tábìlì bí bíríkì. Òṣìṣẹ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ilé iṣẹ́ a jókòó sórí bẹ́ńṣì. Onítíì a ya páálí méjì, a gé àlùbọ́sà àti ata rodo sí i, a sì bi í bóyá ẹyin kan ni tàbí méjì.